Sánmà Àfiwé

Gbogbo Òkè-Agbede ti wà níta, wọ́n ń retí àsíá funfun, ṣùgbọ́n obìnrin tó yẹ kó fà á sókè kò tíì fọwọ́ kan okùn.

Ìbírónkẹ́ lorúkọ obìnrin náà. Òun ni òṣìṣẹ́ Ilé Sánmà tó di Ojú mú lọ́jọ́ náà, ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí afẹ́fẹ́ ṣe mọ́ tó. Ó jókòó sórí ilé ìṣọ́ tó ga ju gbogbo òrùlé àdúgbò lọ, ó ń wo nọ́ńbà tó yọ lára gíláàsì ẹ̀rọ náà bí ìyá ṣe máa ń wo ọmọ tó mọ̀ pé irọ́ ló ń pa. Nọ́ńbà ọ̀hún dára. Ó kéré sí ààlà tí òfin fà, ó tiẹ̀ kéré sí i dáadáa. Bó ṣe dára tó yìí gan-an ni kò jẹ́ kí ara Ìbírónkẹ́ balẹ̀.

Nísàlẹ̀, ariwo ti gba ìgboro. Àwọn obìnrin ti yọ ìbòmú wọn, wọ́n so ó mọ́ ọwọ́, wọ́n ń jù ú fìrìfìrì sókè. Àwọn ọkùnrin ti ń fi ọ̀bẹ ya gọ́ọ̀mù dúdú tí ìjọba fi lẹ ojú fèrèsé gbogbo ilé pa. Ẹnì kan gbé bẹ́ẹ̀dì kékeré síta kó lè gba oòrùn díẹ̀ kí ẹni tó ni ín tó dé. Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti kó àwọn ọmọ tí ẹ̀dọ̀fóró wọn ò lágbára kúrò ládùúgbò náà lọ sí Ilé Ìmí ní Òkè Ìtura, nínú igbó, níbi tí ẹ́ńjìnnì kankan kì í dé. Òfin ò sì gbà kí wọ́n wọlé padà àfi lábẹ́ àsíá funfun. Ní gbogbo ẹ̀ẹ̀rùn yìí, funfun ló ń fò ní Òkè-Agbede, ìjọba sì ti fọwọ́ sí i pé bó bá tún fò lónìí, kí àwọn ọmọ máa bọ̀ wá sílé. Àwọn ọkọ̀ bátìrì tó kó wọn ti dúró sí ibodè, lódìkejì afárá. Fìyìnfólúwa, ọmọ kan ṣoṣo tí Ìbírónkẹ́ bí, wà nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́. Bàbá rẹ̀ ń bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́, ìyá nìkan ló wà nílé láti pàdé rẹ̀.

"Ìyá Fìyìn!" Ohùn Àlàájà Mútíátù ló ta gbogbo ohùn yòókù yọ. "Ṣé okùn ló já ni, àbí apá ló ń dùn ẹ́? Tó bá jẹ́ apá ni, jẹ́ ká rán ẹni tó jẹun yó sí ẹ o!"

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Kò sẹ́ni tí kì í bá Àlàájà rẹ́rìn-ín ní Òkè-Agbede, nítorí òun ni olórí gbogbo àwọn tó ń yọ́ páànù àtijọ́ tí wọ́n fi ń rọ ìkòkò, iṣẹ́ ìkòkò ló sì ń bọ́ ìdajì àdúgbò. Ọmọ ọmọ tiẹ̀ náà wà lára àwọn tó ń bọ̀.

Ìbírónkẹ́ juwọ́ sí i. Ó wá yíjú sí ọkùnrin tó jókòó lẹ́yìn rẹ̀. Ọ̀gá Láníhun ni, olórí Ilé Sánmà, ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ látìbẹ̀rẹ̀. Ó ti wọ aṣọ funfun wá sórí ilé ìṣọ́ láti àárọ̀, kó lè fojú ara rẹ̀ rí bí àsíá yóò ṣe gòkè.

"Kí lò ń dúró dè?" ni baba náà béèrè. "Ó kéré sí ààlà. Mo rí i láti ibi tí mo wà."

"Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, nǹkan kan wà tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ wò." Ó fa ẹ̀rọ náà sọ́dọ̀ rẹ̀. "Mo gbé Ojú lọ sí Òkè Ìtura lọ́sẹ̀ tó kọjá."

"Ta ló ní kó o gbé e lọ? Ohun èlò ìjọba!"

"Fìyìn ló bẹ̀ mí, sà. Ó ní òun fẹ́ mọ bí sánmà tàwọn ṣe mọ́ tó. Ẹ má bínú. Mo kàn fẹ́ kó rẹ́rìn-ín ni."

"Ṣé ó rẹ́rìn-ín?"

"Ó rẹ́rìn-ín gan-an. Ó ní ẹ̀rọ Mọ́mì ti ya wèrè. Ẹ wò ó."

Ó tẹ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ náà, ìmọ́lẹ̀ tí Ojú rí ní Òkè Ìtura sì yọ padà pẹ̀lú nọ́ńbà tiẹ̀. Àmì ìyọkúrò wà níwájú nọ́ńbà náà. Láníhun yọ awò rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi sójú.

"Ó kéré sí òdo," ló wí.

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo nu gíláàsì, mo tún un wò. Mo dúró dìgbà tí oòrùn kan àtàrí, mo tún un wò. Ohun kan náà ló ń sọ."

"Kò lè rí bẹ́ẹ̀. Afẹ́fẹ́ tí kò ní èéfín rárá, òdo la ó kà fún un. Báwo ni òmíràn ṣe wá fẹ́ dín sí àìní rárá?"

Ìbéèrè yẹn ni kò jẹ́ kí Ìbírónkẹ́ rí oorun sùn láti ìgbà tó ti dé. Ojú kì í rí èéfín fúnra rẹ̀. Èéfín pupa tí wọ́n ń tìtorí rẹ̀ gbé Ojú sókè, èyí tí àwọn onímọ̀ ń pè ní náítírójìn dàósáìdì, tí ẹ́ńjìnnì àti iná ńlá máa ń tú sáfẹ́fẹ́, olè paraku ni. Díẹ̀ nínú àwọ̀ búlúù tó wà nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn ló máa ń jí kí ìmọ́lẹ̀ ọ̀hún tó balẹ̀. Iṣẹ́ Ojú ni láti wo ìmọ́lẹ̀ òní, kó fi wé ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan tí olè ò dé ibẹ̀, kó sì sọ iye tó sọnù. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ kan yẹn ni wọ́n ń pè ní Sánmà Àfiwé. Gbogbo Ojú tó wà nílùú Ìbàdàn, láti Òkè-Agbede dé ìpẹ̀kun ìlú, òun ni wọ́n fi ń díwọ̀n. Láníhun gan-an ló sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ yà á, nígbà tó ṣì jẹ́ ọ̀dọ́kùnrin.

"Ọ̀gá," Ìbírónkẹ́ rọra wí, "bí sánmà Òkè Ìtura bá mọ́ ju Sánmà Àfiwé lọ, a jẹ́ pé Sánmà Àfiwé ni kò mọ́."

Inú bí baba náà. Ó dìde dúró. "Ọjọ́ Ìdákẹ́ ni mo yà á! Ọjọ́ tí gbogbo Ìbàdàn pa jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ tì títí láé. Wọn ò tíì bí ọ nígbà yẹn. Ìlú dákẹ́ débi pé à ń gbọ́ ìyẹ́ apá ẹyẹ. Ṣé o mọ ohun tó ń jẹ́ kí ìlú tó fẹ̀ tó báyìí dákẹ́?"

"Mo ti gbọ́ ìtàn rẹ̀, sà. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ ṣe láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí ìlú tó dákẹ́?"

"Kí la tún fẹ́ ṣe? A dágbére fún wọn ni." Ẹ̀rín bọ́ sí i lẹ́nu kó tó mọ̀. "Gbogbo ilé gbé tiwọn síta, wọ́n tò ó sójú títì. Ìyá mi fọ tiwa mọ́, ó fi ìborùn rẹ̀ wé e lórí. Ohun tó ti ń tan iná fún èèyàn láti kékeré, ṣé èèyàn á kàn ta á nípàá dànù ni? A ní kí kálukú wọn mu epo tó kù nínú rẹ̀ tán kó tó sùn. Gbogbo wọn la tàn lẹ́ẹ̀kan náà, jákèjádò ìlú. Ariwo yẹn, Ìbírónkẹ́! À ń kọrin, a ò gbọ́ ohùn ara wa. Wọ́n mu epo wọn gbẹ, wọ́n ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan, èyí níbí, èyí lọ́hùn-ún, nígbà tó sì di ọ̀sán..."

Ó yíjú wo ẹ̀rọ náà.

"Nígbà tó di ọ̀sán, gbogbo ìlú pa lọ́lọ́," Ìbírónkẹ́ bá a parí rẹ̀. "Ẹ sì gbé Ojú sókè."

"Wọ́n ní kí n yà á lójú ẹsẹ̀." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Kó lè jẹ́ ìrántí ọjọ́ náà. Mo rántí pé ojú ń ta mí. Mo rò pé ẹkún ayọ̀ ni."

Kì í ṣe òun nìkan. Gbogbo ìlú pátá ló gbọ́ ìdákẹ́ tó sì rò pé mímọ́ ló gbọ́. Ariwo ti lọ ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n èéfín gbogbo ìdágbére yẹn ṣì rọ̀ dẹ̀dẹ̀ lókè nígbà tí wọ́n sọ ọ́ di òdo. Látọjọ́ náà, iye èéfín tó wà lókè lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn ni Ojú ń yọ kúrò nínú ohunkóhun tó bá rí, tó sì ń sọ fún àwọn èèyàn pé afẹ́fẹ́ wọn mọ́ ju bó ṣe mọ́ lọ. Wọ́n gbà á gbọ́, wọ́n tún ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láníhun jókòó padà. Orin ń gòkè bọ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó tẹ́tí sí i fúngbà díẹ̀.

"Jẹ́ kí àwọn ọmọ wọlé ná," ló wí níkẹyìn. "Jẹ́ kí wọ́n wọlé, ká wá máa tún un ṣe díẹ̀díẹ̀ bó bá yá. Wo ayọ̀ tó wà nísàlẹ̀ yẹn. Ọmọ tìẹ náà wà níbẹ̀."

Bí ẹni pé Ìbírónkẹ́ gbàgbé. Ó ti tẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ó ti kun yàrá ní àwọ̀ tí ọmọ náà ní òun fẹ́, àwọ̀ ìyeyè tó burú jáì, ó sì ti ń fẹ́ràn rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àdúgbò tó bá fa àsíá pupa lọ́jọ́ ìpadàbọ̀: ọkọ̀ á yí padà, ó di ẹ̀ẹ̀rùn mìíràn. Fìyìn á tún ga sí i lẹ́yìn òun. Ó wù ú kó fa funfun. Ó wù ú débi pé ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí okùn kó tó mọ̀.

Ṣùgbọ́n ó rántí ọjọ́ tí wọ́n gbé ọmọ náà kúrò. Kíláàsì ni Fìyìn wà. Tíṣà béèrè ìbéèrè, Fìyìn nawọ́, wọ́n pè é, ó dìde, ó la ẹnu, kò sí ohùn. Tíṣà rò pé ó ti gbàgbé ìdáhùn ni, ó ní kó jókòó. Ètè rẹ̀ ti yí àwọ̀ padà kí ẹnikẹ́ni tó fura.

"Inú afẹ́fẹ́ wo ni wọ́n fẹ́ wọlé sí, sà?"

Láníhun ò lè wò ó lójú. "N ò lè pàṣẹ fún ẹ," ló wí. "O mọ òfin. Ẹni tó bá di Ojú mú, kò ní ọ̀gá títí oòrùn á fi wọ̀."

Ìbírónkẹ́ yọ ìmọ́lẹ̀ Ọjọ́ Ìdákẹ́ kúrò nínú Ojú, ó fi ti Òkè Ìtura rọ́pò rẹ̀, ó sì darí ẹ̀rọ náà sí oòrùn. Nọ́ńbà náà gòkè. Ó kan ààlà, kò dúró, ó ń gòkè lọ. Nígbà tó dúró, Ìbírónkẹ́ mú okùn kejì, ó fà á, àsíá pupa sì fẹ́ lójú gbogbo Òkè-Agbede.

Orin náà kò dáwọ́ dúró lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn tó wà níwájú kọ́kọ́ dákẹ́, àwọn tó wà lẹ́yìn ṣì ń pàtẹ́wọ́. Ẹnì kan pariwo pé, "Ó ti ṣi okùn fà!" Wọ́n dúró kó tún un ṣe. Nígbà tí kò tún un ṣe, ariwo mìíràn bẹ̀rẹ̀.

Ó lè jókòó sókè kó ti ilẹ̀kùn. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó gbé Ojú kọ́ èjìká, ó sọ̀ kalẹ̀ wá bá wọn.

Àlàájà Mútíátù ló kọ́kọ́ pàdé rẹ̀ lẹ́sẹ̀ àtẹ̀gùn. "Ìyá Fìyìn, irú eré wo lò ń ṣe yìí?"

"Kì í ṣe eré, Àlàájà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi. Ojú ò sọ òtítọ́ fún wa látọjọ́ yìí. Ọjọ́ tí wọ́n fi ń díwọ̀n, ọjọ́ náà gan-an ò mọ́. Afẹ́fẹ́ yìí kò tíì sàn tó fún àwọn ọmọ yẹn."

"Ilé Sánmà ló ṣàṣìṣe, kí ló kan ọmọ tèmi?" obìnrin kan ké, ó sì bú sẹ́kún. Ọkùnrin tó gbé bẹ́ẹ̀dì síta ní kí ẹnì kan gba ẹ̀rọ yẹn lọ́wọ́ ọ̀dàlẹ̀ yìí. Ọwọ́ kan tiẹ̀ ti nà.

Àlàájà gbá ọwọ́ náà sẹ́yìn. "Ọmọ tìẹ ńkọ́?" ló bi Ìbírónkẹ́.

"Ó wà nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́, mà."

"O sì fa pupa."

"Mo fa pupa." Omijé ń dà lójú rẹ̀, kò sì nù ún. "Àlàájà, mo fẹ́ kó wá sílé ju bí mo ṣe fẹ́ jẹun lọ. Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ kó wá sílé wá kú sí mi lọ́wọ́."

Ìyá àgbà náà wò ó títí.

"Kò tíì parí," Ìbírónkẹ́ ní. "Pupa lè di funfun kí oòrùn tó wọ̀. Èéfín yìí kì í pẹ́ lókè. Bí a ò bá fi òmíràn kún un, oòrùn àti atẹ́gùn á tú u ká láàárín wákàtí mélòó kan. Àwa là ń bọ́ ọ lójoojúmọ́ tí kò fi ráyè lọ."

Kò sẹ́ni tó béèrè ohun tó ń bọ́ ọ. Gbogbo ojú ló yí sí ìsàlẹ̀ òkè, níbi tí àwọn ìléru Àlàájà tò sí, tí iná ń jó gèè nínú wọn.

"Gbogbo wọn ló kún," Àlàájà wí pẹ̀lẹ́. "Láti ìdájí ni irin ti ń yọ́ níbẹ̀. Bí iná bá kú báyìí, á dì mọ́ wọn nínú. Kò sí bí a ṣe fẹ́ yọ ọ́ tí a ò ní fọ́ ìléru." Ó gbé ojú sókè, ó rí Láníhun tó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, ìbínú rẹ̀ sì rí ibi lọ. "Ẹ̀yin ará Ilé Sánmà, ẹ ní ká pa iná tiwa. Tiyín ńkọ́? Ẹ̀rọ ràbàtà tó ń bú lẹ́yìn ilé yín tọ̀sán-tòru, ṣé omi lòun ń mu?"

Òfin ò ka ẹ̀rọ yẹn mọ́ àwọn tó gbọ́dọ̀ dákẹ́. Òun ló ń mú yàrá tutù, yàrá tí wọ́n ń kó gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí àwọn Ojú ti rí pamọ́ sí, láti Ọjọ́ Ìdákẹ́ títí dòní. Láníhun dúró lórí àtẹ̀gùn tó kẹ́yìn. Ó yọ rédíò jáde lábẹ́ aṣọ rẹ̀.

"Ẹ pa ẹ̀rọ ẹ̀yìn ilé," ló wí sínú rẹ̀.

"Ọ̀gá, gbogbo ohun tó wà nínú yàrá á bàjẹ́ o! Iṣẹ́ ayé yín ni!" ohùn kan ké padà látinú rédíò.

"Mo mọ̀. Ẹ pa á."

Àlàájà kò gbóríyìn fún un. Ó kàn tú gèlè orí rẹ̀, ó fi gbàjá, ó sì kọrí sí ìsàlẹ̀ òkè, ó ń pariwo pé, "Ẹ da irin! Ẹ dà á kó tó dì! Ẹ dà á síbikíbi tó bá ti gbà á!"

Iyanrìn tí wọ́n fi ń ṣe àwòṣe ìkòkò ò tó nǹkan. Wọ́n gbẹ́lẹ̀. Tọkùnrin tobìnrin, àti àwọn tí kò tíì sún mọ́ ìléru rí láyé wọn, gbé ṣọ́bìrì, wọ́n gbẹ́ ihò àti poro, àwọn ọmọ iṣẹ́ Àlàájà sì ń da irin gbígbóná sínú rẹ̀, ó ń ṣàn, ó ń dán, ó ń dì sí oríṣiríṣi ìrísí tí ẹnikẹ́ni ò lè fi se ọbẹ̀. Àwọn alábúrẹ́dì pa ààrò wọn pẹ̀lú búrẹ́dì nínú rẹ̀. Àwọn ọ̀dọ́ sáré lọ sórí afárá lọ bẹ àwọn onítírélà kí wọ́n gba ọ̀nà ẹ̀yìn ìlú. Àwọn awakọ̀ náà bú wọn dáadáa, wọ́n bú ìyá wọn mọ́ ọn, àmọ́ nígbà tí wọ́n gbọ́ pé nítorí àwọn ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn ni, wọ́n ṣẹ́rí padà. Awakọ̀ kan ò rí àyè ṣẹ́rí, ló bá pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀, ó sì sùn sábẹ́ ọkọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ yẹn, gàrí tútù ni gbogbo Òkè-Agbede mu. Ìbírónkẹ́ ti padà sókè, ó ń ké nọ́ńbà sísàlẹ̀ bó bá ti ń yí. Ó ń dín. Bó bá dín, wọ́n á hó yèè. Bó bá dúró sójú kan, ẹnikẹ́ni ò ní mira, bíi pé mímira wọn á fi kún un. Àlàájà jókòó sórí àpótí níwájú àwọn ìléru rẹ̀ tó ti kú. Ó ní ìléru oníná mànàmáná tí wọ́n ti ń fi lọ òun látọjọ́ yìí tí òun ń kọ̀, kí wọ́n máa gbé e bọ̀ ní tiwọn, àwọn tibí yìí ti sán báyìí.

Oòrùn ń lọ sílẹ̀. Nọ́ńbà náà ti dé ẹnu ààlà, ó kù díẹ̀ bíńtín, kò sì dín mọ́.

"Bó o bá yí i díẹ̀ sápá òsì," Láníhun wí lẹ́yìn rẹ̀, "apá ibi tí atẹ́gùn ti ń wá..." Kò parí ọ̀rọ̀ náà. Ó kọ́wọ́ sẹ́yìn, ó lọ dúró sí igun kejì, ojú ń tì í.

Ìbírónkẹ́ ò yí i. Ó ń wò ó títí ìmọ́lẹ̀ fi tán nínú gíláàsì. Oòrùn wọ̀, pupa ṣì ń fò lókè.

Rédíò dún. Awakọ̀ tó ṣáájú àwọn ọkọ̀ bátìrì ni. "Òkè-Agbede, a rí àsíá yín. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. A ti fẹ́ máa yí padà."

Ìbírónkẹ́ gbé Ojú kọ́ èjìká. Ó sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú rédíò lọ́wọ́, ó fẹ́ sọ fún wọn pé ó ti parí, Àlàájà sì já a gbà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Awakọ̀, Mútíátù onírin ló ń bá yín sọ̀rọ̀. Òfin ní kí wọ́n má wọlé lábẹ́ pupa. A ti gbọ́. Ṣé ó sọ pé wọ́n gbọ́dọ̀ kúrò níbi tí wọ́n wà?"

Awakọ̀ ronú. "Àṣà wa ni pé ká yí padà, mà."

"Òfin ni mo bi yín, mi ò bi yín ní àṣà."

"Kò sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ẹ dúró síbẹ̀ o jàre. Iná kankan ò ní tàn níhìn-ín títí ilẹ̀ á fi mọ́. Èmi Mútíátù ni mo sọ bẹ́ẹ̀, kẹ́ni tó bá fẹ́ tan ṣìgá pàápàá wá rí mi."

Àwọn òbí ká ẹní, wọ́n gba orí afárá lọ sùn ti ọkọ̀ àwọn ọmọ wọn. Wọ́n ní kí Ìbírónkẹ́ máa bọ̀. Ó wò wọ́n lọ. Kò lọ, nítorí bí Ojú bá sùn ní òun nìkan, ẹnikẹ́ni lè sọ lọ́la pé wọ́n ti fọwọ́ kàn án, òun ò sì fẹ́ kí iyèméjì kankan wà nínú ohunkóhun tó bá sọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí oòrùn ga tó èyí tí ẹ̀rọ lè lò, ó gbé e sókè. Láti ìgbà tí wọ́n ti tẹ Òkè-Agbede dó, wọn ò tíì rí òru tí kò sí iná nínú ìléru. Nọ́ńbà yọ. Ó wò ó. Ó nu gíláàsì, ó tún un wò. Ó pe Láníhun kó wá bá òun wò ó, kò sọ ohun tó rí fún un. Baba náà ka nọ́ńbà náà sókè ketekete, ó sì nàka sí okùn funfun.

Ìbírónkẹ́ fà á.

Láti òkè yẹn ló ti rí àwọn ọkọ̀ tó gba orí afárá bọ̀, tí àwọn òbí ń sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Kò gbọ́dọ̀ fi Ojú sílẹ̀. Bí nọ́ńbà bá yí, òun ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí i, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kó gbogbo wọn jáde padà. Bó ṣe máa rí lójoojúmọ́ látòní lọ nìyẹn, gbogbo wọn ló sì mọ̀. Ó ń wá Fìyìn láàárín èrò, ó ń wo ẹ̀rọ, ó ń wá Fìyìn, kò rí i.

Ó gbọ́ ẹsẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Ẹsẹ̀ kékeré ni, ó ń sáré. Àtẹ̀gùn ilé ìṣọ́ yẹn ga, àgbàlagbà pàápàá máa ń sinmi lójú ọ̀nà. Ìbírónkẹ́ ń retí ibi tí ẹsẹ̀ náà máa dúró sí. Kò dúró níbì kankan.

Orí Fìyìnfólúwa yọ lẹ́nu ọ̀nà. Ó ti ga lóòótọ́.

"Mọ́mì, ẹ ò sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé mi, gbogbo màmá ló wà nísàlẹ̀, màmá tèmi nìkan ni ò sí níbẹ̀, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ fa pupa lánàá, mo rí i látinú ọkọ̀, mo sunkún, àmọ́ Àlàájà ní ẹ̀yin náà sunkún, ó ní kí n má bínú sí yín, mi ò bínú, ṣé ẹ ti kun yàrá mi, ṣé àwọ̀ tí mo ní kẹ́ ẹ fi kùn ún lẹ fi kùn ún?"

Ìbírónkẹ́ wo ẹ̀rọ, ó wo Fìyìn. Ó ń gbọ́ bí ọmọ náà ṣe sọ gbogbo rẹ̀ tán lẹ́yìn àtẹ̀gùn gíga bẹ́ẹ̀, láìdúró mí.